Kí a tó padà sí ìjọba Olóòtú

Sí Olóòtú ìwé ìròyìn,

Láti oṣù Kejì ọdún 2024 tí àwọn aṣojú-ṣòfin 60 ti gbé àbá kalẹ̀ l'Ábújá pé kí Nàìjíríà padà sí ìjọba Olóòtú (parliamentary), ètò tí a lò kí ológun tó dé, ohun tí à ń gbọ́ jù ni pé owó tí yóò ná wa kò ní pọ̀ tó ti ìsinsìnyí. Èmi náà fẹ́ kí a padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló da ètò yẹn rú ní ilẹ̀ Yorùbá. Gbólóhùn kan ló dá a rú, àwa ará Abẹ́òkúta ló sì yẹ kó rántí rẹ̀ jù, torí ọmọ wa méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìjọba Ààrẹ tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ìbò gómìnà lọ́tọ̀, ìbò aṣòfin lọ́tọ̀. Ní ìjọba Olóòtú, aṣòfin nìkan là ń dìbò fún. Ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ṣe olórí ìjọba, inú ilé yẹn náà ló sì ti ń mú mínísítà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kẹ̀yìn sí i, ó tán nìyẹn, ìbáà má dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ẹ wá wo tiwa l'Ókè-Mosàn, níbi tí ilé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn wà. Aṣòfin 26 ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ abala 188 ìwé òfin 1999, mẹ́sàn-án ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn kí wọ́n tó lè yọ gómìnà. Abẹnugan ní ọjọ́ méje láti fún gómìnà ní ẹ̀dà rẹ̀. Kí ọjọ́ 14 tó pé, aṣòfin 18 gbọ́dọ̀ gbà pé kí ìwádìí wáyé. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yóò wá yan ẹni méje tí wọ́n ní oṣù mẹ́ta; bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, aṣòfin 18 gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ 14. Ìwà àìtọ́ tó burú jáì sì ni ẹ̀sùn náà gbọ́dọ̀ dá lé. Gómìnà tí kò kàn mọ iṣẹ́ ṣe, òfin yẹn kò bá a wí. Ní Ìbàdàn, oṣù Kìn-ín-ní 2006, aṣòfin 18 nínú 32 ló yọ Gómìnà Ladoja nígbà tó jẹ́ pé 22 ni òfin ń béèrè; oṣù Kejìlá ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a padà. Ti Kaduna tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹgbẹ́ PRP ni Gómìnà Balarabe Musa, ẹgbẹ́ NPN ló pọ̀ nílé aṣòfin, wọn kò gba kọmíṣánnà rẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣèjọba láìní kọmíṣánnà títí wọ́n fi yọ ọ́ ní oṣù Kẹfà 1981. Irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀ ní ìjọba Olóòtú, nítorí ẹni tí ilé kò sí lẹ́yìn rẹ̀ kò lè gorí oyè rárá.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá dé orí 1962.

Abala 33 ìwé òfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà sọ pé Gómìnà, tí kì í ṣe òun ni olórí ìjọba nígbà yẹn, kò lè yọ olórí ìjọba (Premier) àfi bó bá "hàn sí i" pé ọ̀pọ̀ aṣòfin kò sí lẹ́yìn ẹni náà mọ́. Gbólóhùn tí mo wí nìyẹn. Hàn sí i lọ́nà wo? Òfin kò sọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, Ọọ̀ni Adesoji Aderemi tó jẹ́ Gómìnà gba lẹ́tà tí aṣòfin 66 fọwọ́ sí, ó yọ Akintola tó jẹ́ olórí ìjọba, ó sì fi Alhaji D. S. Adegbenro, ọmọ Òwu níbí, rọ́pò rẹ̀. Ilé kò jókòó, ẹnikẹ́ni kò dìbò. Nígbà tí wọ́n jókòó ní ọjọ́ 25, àga ń fò, wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ, ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, ó sì fi Dókítà Majekodunmi, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe alákòóso. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ní oṣù Keje pé ìbò inú ilé nìkan ló lè mú kí nǹkan "hàn". Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tí a ṣì ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ nígbà náà, sọ ní oṣù Karùn-ún 1963 pé lẹ́tà náà ti tó. Kíá ni wọ́n yí òfin Ìwọ̀-Oòrùn padà, wọ́n sì ní kó ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn, kí ìdájọ́ yẹn má baà mú nǹkan kan.

Àwọn ará Jámánì ti dí ihò yẹn. Wọn kò lè yọ olórí ìjọba wọn láìdìbò yan arọ́pò lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí 48 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín àbá àti ìbò. Bẹ́ẹ̀ ni Kohl ṣe gba ipò lọ́wọ́ Schmidt ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1982, láìsí ọjọ́ kan tí ìlú wà láìní olórí. Èyí ni kí wọ́n kọ sínú tiwa: ìbò inú ilé, ní gbangba, kí orúkọ arọ́pò wà nínú àbá náà. Kí wọ́n má sì fọwọ́ kan òfin tó ń gba ìjókòó lọ́wọ́ aṣòfin tó bá fò kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé, torí níbi tí ìbò kan ṣoṣo ti lè wó ìjọba, owó gọbọi ni wọn yóò máa fi ra orí aṣòfin.

Àtúnṣe náà kò lè múlẹ̀ láìjẹ́ pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 fọwọ́ sí i, yóò sì dé Òkè-Mosàn. Kí oníkálukú ní kí aṣòfin àdúgbò rẹ̀ ka abala ìyọnípò náà sí òun létí kó tó dìbò.

Òǹkàwé yín,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.