Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó pé àádọ́ta ọdún

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oríire o. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, nínú àlàáfíà àti owó. Mo kí yín lórí fóònù lánàá, àmọ́ ariwo orin tó wà lọ́dọ̀ yín kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ju ìdajì ohun tí mo ń sọ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ní Láfẹ́nwá nírọ̀lẹ́ yìí, tí mò ń kọ èyí. Gbangba ni mo sì ń kọ ọ́ sí, nítorí gbangba náà ni wọ́n gbé fọ́tò yẹn sí.

Fọ́tò tí àwọn ọmọ yín fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí ni mò ń wí. Ẹ̀yin rèé ní Kútọ̀, ẹ wọ jẹ́sì pupa, ẹ gbé ife sókè, eyín yín funfun nínú eruku. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Cipollini Abẹ́òkúta". Gbogbo ẹbí ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà. Ní ẹ̀gbẹ́ kan fọ́tò náà, níbi tí wọ́n ti gé e, ìgbọ̀nwọ́ kan yọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀. Èmi ni mo ni ìgbọ̀nwọ́ yẹn.

Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bèèrè pé ta ni wọ́n ń pè ní Cipollini, ẹ fún un lésì tó gùn. Ẹ ní Mario Cipollini, ọmọ Italy, ni sprinter (ẹni tó ń fi eré àsápajúdé gba ìparí) tó tóbi jù tó tíì gun kẹ̀kẹ́ rí. Ẹ ní nínú àwọn eré ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, tí eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ìpele, ìpele 42 ló jẹ nínú Giro d'Italia ti Italy, 12 nínú Tour de France, 3 nínú Vuelta ti Spain, 57 lápapọ̀. Ẹ ní Mark Cavendish tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, 55 péré ni tirẹ̀. Ẹ fi kún un pé ìṣirò kì í parọ́, pé ọ̀rọ̀ parí.

Bọ̀ọ̀dá mi, ìṣirò yín pé. 35 ni ti Cavendish nínú Tour, 17 nínú Giro, 3 nínú Vuelta. Mi ò bá yín jà lórí iye. Ṣùgbọ́n Cipollini yín yìí, ẹ rántí pé kò parí Tour de France rí láyé rẹ̀? Bí òkè Alps bá ti ń yọjú báyìí, á kẹ́rù ẹ̀, ó di ilé. Ó ti jẹ ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ tán, kò sí ohun tó kàn án mọ́. Cavendish náà kò fẹ́ràn òkè, ṣùgbọ́n á gùn ún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ Tour 2024, láti Florence sí Rimini, oòrùn mú débi pé ó ń bì lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró yí i ká títí tó fi wọlé kí àkókò tí wọ́n fún wọn tó pé. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, 3 July, ní Saint-Vulbas, ọkùnrin ẹni ọdún 39 yìí fi Jasper Philipsen sẹ́yìn, ó jẹ ìpele karùndínlógójì rẹ̀. Bó ṣe kọjá ọmọ Belgium nì, Eddy Merckx, nìyẹn, ẹni tí 34 rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí èmi àti ẹ̀yin.

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́ nínú Tour kan náà, ó sì ti ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ní òpin 2020, ó sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eré tí òun máa sá kẹ́yìn nìyẹn. Ọdún kejì, ó jẹ ìpele mẹ́rin nínú Tour, ó sì gba jẹ́sì àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó kó máàkì jọ jù. Níbo lẹ fẹ́ kọ ìyẹn sí nínú ìṣirò yín?

Ẹ wo Erik Zabel náà. Ìpele 12 ló jẹ nínú Tour, bíi ti Cipollini gẹ́lẹ́. Àmọ́ ó gba jẹ́sì àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀mẹfà léra, láti 1996 dé 2001, ó sì jẹ Milan–San Remo, eré ọlọ́jọ́ kan ti Italy, nígbà mẹ́rin. Bí kò bá ṣe ipò kìíní, á ṣe ìkejì, bí kò bá ṣe ìkejì, á ṣe ìkẹta, lójoojúmọ́, títí dé Paris. (Ó jẹ́wọ́ ní 2013 pé òun lo oògùn ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á, mi ò sì ní fi bò fún un.) Peter Sagan náà, 12 ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́sì àwọ̀ ewé 7 ló gbà, ó sì jẹ eré ìdíje àgbáyé (World Championship) lọ́dún mẹ́ta léra, 2015, 2016, 2017. Marcel Kittel jẹ 14, ó ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ níbẹ̀, ó sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́ni ọdún 31. Iye kan náà, ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ìṣirò yín ni àwọn tí kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, lójú títì Láfẹ́nwá níbí, pé ẹni tó wà níwájú ló ń gba afẹ́fẹ́ sáyà. Ẹni tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, táyà sí táyà, á tọ́jú agbára tirẹ̀. Ní òpin ìpele pẹrẹsẹ, nígbà tí eré bá ti kọjá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹnì kan á fa ọ̀gá títí agbára rẹ̀ á fi tán, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíì á gbà á. Ẹni ìkẹyìn nínú wọn á gbé e dé bíi mítà 200 sí ìlà. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde. Kò tó ká mí kanlẹ̀ ó ti parí, orúkọ ẹnì kan ni wọ́n á sì kọ sílẹ̀.

Cipollini ní Gian Matteo Fagnini tó ń fà á. Ta ló ń dárúkọ Fagnini lónìí? Mark Renshaw ló fa Cavendish wọ Champs-Élysées ní 2009, ó sì fà á débi pé òun gan-an ló ṣe ipò kejì, lẹ́yìn tó ti yà fún un tán. Ní Carcassonne, 2021, lọ́jọ́ tí Cavendish bá Merckx dọ́gba, Michael Mørkøv tó fà á ló ṣe ipò kejì. Ẹ wò ó dáadáa, Bọ̀ọ̀dá mi: ẹni tó ti lo agbára rẹ̀ fún ẹlòmíì, tó sì tún ku agbára tó fi bo gbogbo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ní 2010, wọ́n lé Renshaw kúrò nínú Tour nítorí pé ó ń kan ẹlòmíì lórí kí ọ̀nà lè ṣí fún Cavendish. Cavendish ló jẹ ìpele ọjọ́ náà. Renshaw kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Àmọ́ ohun tí Cavendish fi yàtọ̀ lójú tèmi rèé. Bó bá ti jẹ tán, á máa wá àwọn tó fà á kiri láàárín èrò, á dì mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì dárúkọ wọn fún ẹni tó bá gbé maikí sí i lẹ́nu. Nígbà tó wá jẹ ìkarùndínlógójì yẹn, Renshaw ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀, ó ti di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ náà. Kò gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tiwa.

1999 ni. Gbogbo oṣù July a wà nílé aládùúgbò tó ní díìṣì ní Ìbarà, Cipollini ń jẹ ìpele mẹ́rin léra. Wọ́n fi ohun tó lé ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan sáré láti Laval dé Blois, ẹ fò dìde, ẹ da omi ẹni ẹlẹ́ni nù. Ẹ lọ ra jẹ́sì pupa nínú òkìríkà. Nígbà tí wọ́n wá kéde eré kẹ̀kẹ́ láti Láfẹ́nwá dé Kútọ̀, ẹ ní èmi ni màá fà yín. Kẹ̀kẹ́ Raleigh Bàbá lẹ gbé fún mi, èyí tí a fi rọ́bà tíúbù di ìjókòó rẹ̀ torí pé bóòtù rẹ̀ ti já. Ẹ ní, "Má wẹ̀yìn o. Ṣáà máa lọ."

Mi ò wẹ̀yìn. Láti orí afárá ni mo ti ń fà yín, afẹ́fẹ́ odò Ògùn ń gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń gbọ́ ìró ṣéènì yín lẹ́yìn mi, mo sì ń fi ìyẹn mọ̀ pé ẹ ṣì wà níbẹ̀. A gun ọ̀nà Ìbarà, itan mi ń jó bí iná. Àwọn ọmọ Adátán mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù já lẹ́yìn wa. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí Kútọ̀, mo rí èrò, mo rí okùn tí wọ́n ta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yà fún yín ni mo gbọ́ ọwọ́ yín léjìká mi. Ẹ tì mí láti fi gba eré. Ẹ kọjá. Èmi wọ inú yanrìn ẹ̀bá gọ́tà.

Ẹ má bínú pé mo rántí rẹ̀. Ṣíṣubú yẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Eré ni, ọwọ́ a máa ba ẹlòmíì. Ìgbà tí mo dìde, tí mo ti kẹ̀kẹ́ wá síbi tí ẹ dúró sí, ni ọkùnrin tó gbé maikí bi yín pé, "Ta ni ọmọ tó ń fà ọ́ bọ̀ yẹn?" Ẹ wò mí. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ẹ ní, "Ọmọ àdúgbò kan ni."

Ọmọ àdúgbò kan. Èmi tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ya fọ́tò. Màmá ló fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ìgbọ̀nwọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń bèèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì dáhùn: ẹ ní mo ṣubú. Mo ti rò ó títí, mi ò rí ìdí rẹ̀. Bóyá ojú ń tì yín nítorí kẹ̀kẹ́ tí mo gùn, bóyá ẹ rò pé ife náà á kéré bí wọ́n bá mọ̀ pé àbúrò yín ló fà yín débẹ̀. Ẹ kò sọ fún mi rí. Mi ò bi yín rí.

Lánàá náà ni ẹ tún kọ ọ́ nípa Biniam Girmay pé ìpele mẹ́ta péré ló jẹ nínú Tour, kò tíì tó ohun tí à ń gbé pọ́n. Ó dùn mí wọ eegun. Ọmọ Asmara ní Eritrea yìí ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó jẹ ìpele nínú Tour, ní Turin, 1 July 2024. Ó tún jẹ méjì sí i, ó sì gbé jẹ́sì àwọ̀ ewé dé òpin. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan tó gbà á rí, funfun tàbí dúdú. Ẹgbẹ́ tó wà nígbà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó. Àwọn ọmọ tó ń ṣe vulcanizer ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi pé lé fóònù mi lórí, wọn ò mọ ohun tí jẹ́sì àwọ̀ ewé jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ irú àwọ̀ tó wà lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá mẹ́ta kéré.

Ọmọ yìí kan náà ló jẹ ìpele nínú Giro ní 2022, tí ìdérí ìgò wáìnì fò bà á lójú níbi tó ti ń ṣe àjọyọ̀, tó sì fi eré sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mi ò lè ronú kan ojú Girmay kí n má ronú kan ojú Màmá.

Ẹ fi owó iṣẹ́ abẹ ojú Màmá ránṣẹ́ láti Kánádà. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á sọ ọ́ dọ̀tun. Gbogbo ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lórí WhatsApp. Èmi ni mo sùn sórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù. Ìyàwó mi àti èmi la jọ ń kán oògùn sí wọn lójú ní òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́, àti láàárín òru, torí wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa láwọn ọjọ́ yẹn, ọjà sì ń gbówó lórí: táyà tí mo tà lọ́sẹ̀ tó kọjá, iye tí mo tà á kò ra irú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti wá sọ fún mi pé owó máa lé sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Nínú gbogbo èyí ni ẹ kọ ọ́ sí àwọn mọ̀lẹ́bí pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé Màmá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ ń bọ̀ ní December, mo gbọ́ pé ẹ ti sanwó gbọ̀ngàn. Dókítà fẹ́ ṣe ojú kejì Màmá lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ẹ wá sílé kẹ́ ẹ tó lọ síbikíbi. Ẹ bá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn lóru ọjọ́ kan. Bí Màmá bá sì ti jí, kí ẹ sọ fún wọn lójú mi ẹni tó ń fà yín bọ̀ láti Láfẹ́nwá lọ́jọ́ ọjọ́sí. Wọ́n ti dàgbà, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Oògùn ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì sí ojúlówó rẹ̀ ní gbogbo ibi tí mo dé. Mo ti ya orúkọ rẹ̀ ní fọ́tò sí yín. Ẹ bá mi wá a lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, kí ẹ sì tètè rí ẹni tó ń bọ̀ tó lè bá wa mú un wá.

Èmi àbúrò yín,
Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta.