Àpò ìgbọ́mọ fún àwọn tó ń lọ wo omi Ọ̀wù

Olóòtú,

Ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí tó ń gbé ọmọ lọ wo omi Ọ̀wù, omi tó ń já bọ́ láti orí òkè l'Ọ́wá-Kájọlà ní Kwara, pé kí wọ́n má fi àwọ̀ yan àpò ìgbọ́mọ, ìyẹn àpò ẹ̀yìn tí ọmọ ń jókòó sínú rẹ̀. Bẹ́líìtì ìbàdí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí ìbàdí ló yẹ kó gba ẹrù náà, kì í ṣe èjìká. (Baálé mi ní ìnákúnàá ni gbogbo rẹ̀; ẹ má dá a lóhùn.) Ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí oṣù 6, tí kò lè dá jókòó, ọ̀já ni tirẹ̀. Nínú àpò yìí, orí ọmọ lè ga ju tẹni tó gbé e lọ: ẹ̀ka igi tí ẹ rọra bẹ̀rẹ̀ kọjá lè gbá a lójú. Kí bàbá ọmọ gbé e wò ní ṣọ́ọ̀bù, tọmọtọmọ, kó tó sanwó.

Ìyá àgbà kan,
Ọ̀fà.