Ẹ má da káàdì béèsìbọ́ọ̀lù àwọn ọmọ yín nù, ẹ bá wọn tò ó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn òbí tó ń ka ìwé ìròyìn yín ní Baltimore àti agbègbè Maryland ni mo ní lọ́kàn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ti sọ ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Baltimore Orioles di tiwọn, wọ́n sì ń kó káàdì tí àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ wà lójú rẹ̀ jọ láti kékeré. Ohun tí àgbàlagbà kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, "Èló ni wọ́n á rà á?" Bí ọmọ ò bá rí èsì gidi fọ̀, ààtàn ni páálí káàdì ń lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tún ilé ṣe. Ìbéèrè yẹn kò bá ohun tí ọmọ náà ń ṣe mu. Ẹni tó ń kó káàdì ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ń to ìtàn ẹgbẹ́ náà jọ lọ́dọọdún ni, torí ẹ̀yìn káàdì ni ìṣirò ohun tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ṣe wà.

Owó wà nínú àwọn kan lóòótọ́. Káàdì Mickey Mantle, agbábọ́ọ̀lù New York Yankees, tí ilé iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952, nọ́ńbà 311, ni wọ́n tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là lóṣù kẹjọ ọdún 2022. Ìpín ìkẹyìn nínú káàdì tí Topps gbé jáde ní 1952 ló wà, ìpín yẹn kò sì tà dáadáa nígbà náà. Ní 1960, Topps kó àwọn tó ṣẹ́kù lọ dà sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n láti bíi 1987 títí dé 1993, Topps, Donruss, Fleer, Score àti Upper Deck tẹ káàdì títí ó fi pọ̀ bí eṣú. Gbogbo ayé ti gbọ́ pé káàdì àtijọ́ ń pawó, oníkálukú sì tọ́jú tirẹ̀ sínú páálí. Ohun tí gbogbo ènìyàn tọ́jú kò lè ṣọ̀wọ́n. Fún ọmọ tó ń kó Orioles, àǹfààní ńlá lèyí: káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò wọ́n rárá.

Nítorí náà, ọdún 1954 ni kí fáìlì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ St. Louis Browns kó wá sí Baltimore tó di Orioles. Ṣùgbọ́n káàdì 1987 ni kó kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ rà. Kó wá àkójọ orúkọ káàdì ọdún kọ̀ọ̀kan, kó kọ nọ́ńbà àwọn tó jẹ́ ti Orioles sílẹ̀. Ní 1987, káàdì 792 ni Topps tẹ̀ fún ẹgbẹ́ 26, tó fi hàn pé bíi 30 ló máa kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé ọ̀rá tó ní àpò mẹ́sàn-án, mẹ́rin péré, ti gba ìyẹn. Kó tò wọ́n bí nọ́ńbà ṣe tẹ̀lé ara wọn. Àpò káàdì tí kò tíì rí, kó fi ìwé pélébé tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ síbẹ̀, kó má bàa ra ohun tó ti ní lẹ́ẹ̀kejì. Káàdì Topps ti 1952 sí 1956 tóbi ju ti ìsinsìnyí lọ, ínṣì 2⅝ sí 3¾. Láti 1957 ló ti di 2½ sí 3½. Àpò mẹ́sàn-án kò gba ti àtijọ́ yẹn, olápò mẹ́jọ ni kí ẹ rà fún un. Fáìlì tí òrùka rẹ̀ rí bíi lẹ́tà D ló dára. Èyí tí òrùka rẹ̀ rí roboto máa ń tẹ káàdì tó sún mọ́ ọn mọ́lẹ̀, yóò sì dá àpá sí i lára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni àwọn káàdì tí kò sí nínú àkójọ gbogboogbò. Ẹ wo Cal Ripken Jr., agbábọ́ọ̀lù Orioles. Ní 1982, Topps gbé e sí nọ́ńbà 21, òun, Bob Bonner àti Jeff Schneider ni wọ́n jọ wà lójú káàdì kan. Nígbà tó yá lọ́dún yẹn kan náà, Topps gbé páálí tí wọ́n ń pè ní Traded jáde, káàdì 132, Ripken nìkan ló sì wà lórí nọ́ńbà 98T. Ìyẹn ló wọ́n jù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun ti parí 1982. Ti Frank Robinson ní 1972 tún yàtọ̀: nọ́ńbà 100 jẹ́ ti Orioles, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 754 ti gbé e lọ sí ẹgbẹ́ Dodgers ti Los Angeles, torí Orioles ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú wọn lóṣù Kejìlá 1971. Èmi kì í ka 754 mọ́ Orioles. Orúkọ ẹgbẹ́ tó wà lójú káàdì ni kó jẹ́ òfin.

Láyé ọjọ́un, kí ọdún 1974 tó dé, ìpín-ìpín ni Topps máa ń gbé káàdì jáde bí ìdíje ṣe ń lọ. Ìpín tí wọ́n bá tẹ̀ díẹ̀ ló máa ń ṣòro láti rí. Káàdì àkọ́kọ́ Brooks Robinson, nọ́ńbà 328 ti 1957, bọ́ sínú irú ìpín bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 600 rẹ̀ ti 1967 náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kó fi sílẹ̀ dé ìkẹyìn.

Ọ̀rinrin ló ń ba káàdì jẹ́ jù ní Maryland, pàápàá nínú yàrá abẹ́ ilé nígbà ooru. Káàdì dídán bíi Stadium Club 1991 máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí ẹ bá fi agbára ya wọ́n, àwòrán ọ̀kan á bó sẹ́yìn èkejì. Topps Chrome máa ń wọ́ ní tirẹ̀, torí ojú rẹ̀ tó ń dán kò gba omi, ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ páálí sì ń fa ọ̀rinrin, apá kan á wú, èkejì á dúró. Ẹ gbé wọn sí yàrá tí ènìyàn ń gbé, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wà láàárín 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Àjà ilé gbóná jù. Ẹni tó bá ń kó ẹrù lọ sí Nàìjíríà, kó má kó káàdì sínú dúrọ́ọ̀mù tó ń gba orí omi lọ. Kó gbé e dání.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi rọ́bà dì wọ́n, torí ó máa ń gé etí wọn wọlé. Káàdì tó bá ṣe pàtàkì, ẹ kọ́kọ́ ti igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ tó fi sínú ike líle tí wọ́n ń pè ní toploader. Bí káàdì bá wọ ike náà níhòòhò, ike á ha ojú rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi PVC ṣe kò dára, ó máa ń yọ òróró tó ń lẹ̀ mọ́ káàdì. Polypropylene ni kí ẹ béèrè. Ìda tó bá ti ara ìwé tí wọ́n fi dì í ta sójú káàdì àwọn ọdún 1980, ẹ rọra fi sọ́kísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àwọn obìnrin nù ún. Ẹ má fi omi kàn án rárá.

Ní ti ayédèrú, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá ni kí ẹ rà. Lórí káàdì àtijọ́, lẹ́tà dúdú máa ń dúdú ṣinṣin. Bí ẹ bá rí i pé tótòtó kéékèèké ni wọ́n fi to lẹ́tà náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtúntẹ̀ láti ara fọ́tò. Ẹ tún gbé e lé káàdì mìíràn ti ọdún kan náà. Èyí tó bá kéré díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti gé etí rẹ̀ kó lè mú. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi PSA àti SGC máa ń yẹ káàdì wò, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 10, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹyọ kan ju iye tí ọ̀pọ̀ káàdì 1987 sí 1993 ń tà lọ. Ẹ má ná an sórí wọn.

Bí ọmọ bá ń wá ohun kékeré tó lè parí kíákíá, kó lọ wá Topps 1972 ti Jim Palmer, Dave McNally, Pat Dobson àti Mike Cuellar. Ajubọ́ọ̀lù (pitcher) ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; ní 1971, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló borí nínú ìdíje 20, ó kéré tán, fún Orioles, ẹ̀yìn káàdì 1972 ni ìṣirò rẹ̀ sì wà. Ọmọ Kúbà ni Cuellar, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pe Ṣàngó àti Ọ̀ṣun dòní; ní 1969, òun àti Denny McLain ti Detroit ni wọ́n jọ pín ẹ̀bùn Cy Young, èyí tí wọ́n ń fún ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Baltimore, Maryland.