Kí fáìlì aláìsàn máa bá a lọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ Yaba tó ń ṣe áàpù fún dókítà àti aláìsàn. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìjọba pa á láṣẹ pé kí àkọsílẹ̀ aláìsàn lè bá a lọ láti ọsibítù kan dé òmíràn.

Láti 2016 ni ilé-iṣẹ́ Helium Health ti ń bá àwọn ọsibítù kó fáìlì sórí kọ̀ǹpútà. Ọdún yẹn náà ni Temie Giwa-Tubosun dá LifeBank sílẹ̀, tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹ̀jẹ̀ la gosiló Èkó kọjá. A kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú àwa nọ́ọ̀sì ń rí: aláboyún á ti Mushin wá, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, a ó béèrè èsì àyẹ̀wò, á na fóònù sí wa. Fọ́tò ìwé ni, ó ṣú, àtàǹpàkò ẹni tó yà á sì bo nọ́ńbà tá a ń wá gan-an. Ọsibítù tó ti ń bọ̀ ní kọ̀ǹpútà o! Tiwọn ò kàn bá tiwa sọ̀rọ̀ ni. La bá tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ló bá tún sanwó.

Òfin Ààbò Dátà ti 2023 fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Mélòó nínú wọn ló mọ̀? Kí àwọn tó ń ṣe áàpù fi àyè rẹ̀ síbẹ̀, ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kó sì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Nọ́ọ̀sì kan,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó