Mímọ̀ ẹṣin gùn kọ́ ni mímọ̀ ọ́n kọ́ni

Olóòtú,

Ẹni tó fẹ́ máa kọ́ ọmọdé ní ẹṣin gígùn ní etíkun Lẹ́kí, okùn tó di gàárì mọ́ ikùn ẹṣin ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Ẹṣin a máa mú kí ikùn rẹ̀ wú nígbà tí a bá ń di okùn náà. Bó bá mí síta, okùn á dẹ̀, gàárì á yí, ọmọ á já bọ́. Kí olùkọ́ tún okùn náà fà kí ọmọ tó gun ẹṣin, kó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Sálúbàtà kò dáa rárá (etíkun ni, a mọ̀): ẹsẹ̀ lè yọ́ kọjá nínú irin ìtẹsẹ̀, kí ẹṣin máa wọ́ ọmọ nílẹ̀. Bàtà tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀ ni, pẹ̀lú akoto. Kí olùkọ́ sì gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì kó tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Àwa olùkọ́ ẹṣin gígùn,
Ìkòyí, Èkó.