Ẹ kọ́kọ́ sùn níbẹ̀ kí ẹ tó yìn ín

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Inú ló bí mi tí mo fi mú bírò. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀gá ìjọba kan wà lórí rédíò, ó ń gba àwọn ará Èkó níyànjú pé kí wọ́n máa padà sí àwọn ìlú kéékèèké. Ó ní owó ilé kò wọ́n níbẹ̀, atẹ́gùn mọ́, iṣu sì ń ti oko bọ́ sínú ìkòkò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí a jọ ṣe tíṣà l'Ágége ti pè mí: "Bọ̀ọ̀dá, èmi náà ń fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Ẹ bá mi wá yàrá méjì lọ́dọ̀ yín."

Ọ̀gá tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, níbo lòun fúnra rẹ̀ ń sùn?

N kò ní pa irọ́ mọ́ ìlú mi. Ọdún 2021 ni mo padà sílé, sí ìlú kékeré kan nínú Odò-Ọ̀tìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Owó tí mò ń san fún ọdún kan l'Ágége, yóò gba ilé ọdún mẹ́rin níbí. Bí mi ò bá yọjú síta títí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ìyá ẹlẹ́kọ yóò wá kan ìlẹ̀kùn wò bóyá mo jí. (Òun náà ló máa sọ fún gbogbo àdúgbò pé mi ò ra ẹ̀kọ lánàá. Tọwọ́ tẹsẹ̀ ni ìfẹ́ ìlú kékeré máa ń wọlé.) Àwọn ọmọ wa tó ń wálé ṣọdún rí gbogbo èyí, wọ́n jẹ iyán, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní "ibí mà dáa o," wọ́n sì bá ọ̀nà Ìkìrun padà lọ ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀sán ni wọ́n mọ̀. Wọn ò mọ òru.

Lóṣù tó kọjá, ní nǹkan bí aago kan òru, ọmọ mú ìyàwó ilé kejì wa. A gbé e dé ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ìjọba kọ́ fún wa. Wọ́n ti tì í pa. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ yọjú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ní nọ́ọ̀sì ti lọ sí Òṣogbo láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì rẹ̀. Ọkọ̀ Alfa àdúgbò ló wà nítòsí, kò sì sí epo nínú rẹ̀. A fa epo inú jẹnẹrétọ̀ mi sí i. A kò tíì dé Ìkìrun tí ọmọ fi jáde, lórí àga ẹ̀yìn, nínú òkùnkùn, ìyá ẹlẹ́kọ yìí kan náà ló gbà á. Ọpẹ́ ni, ìyá yè, ọmọ yè. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn wa sùn sí Òṣogbo!

Mo sì rántí ọjọ́ tí wọ́n wá ṣí i. Wọ́n kun ògiri, wọ́n gé ríbọ́nù, onílù gba owó tirẹ̀ lọ, wọ́n so orúkọ ara wọn mọ́ òkúta. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán, máa lọ sí ìtọ́jú alábọ́dé bí irú tiwa yìí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. A yọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn wa kò tíì gbọ́. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Láti ìgbà wo?

N kò bá nọ́ọ̀sì yẹn jà. Ibo ni kó sùn? Ìlú kò ní ilé fún un. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa pé kí wọ́n gbàgbé géètì "Ẹ Káàbọ̀" tí wọ́n ń dá owó fún. Kí wọ́n fi owó náà kọ́ yàrá méjì àti pálọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, kànga dẹ́rọ̀ kan, sóláà tó lè gbé gílóòbù àti fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí nọ́ọ̀sì méjì máa pín ọ̀sẹ̀ ṣe, kí ìlú fi nǹkan kún owó wọn, torí ẹni tó bá fi ọmọ sílẹ̀ sí Òṣogbo gbọ́dọ̀ rí ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà ní ààfin. Kí jálá epo kan máa wà ní ìkáwọ́ ọdẹ, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi gbé ọ̀kadà lọ síbi ìnáwó. Géètì kì í gbẹ̀bí.

Kí wọ́n di kòtò ojú ọ̀nà. Kí báńkì náà rántí wa, ẹ ò gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2023 tí tòmátì ń rà lórí àtẹ torí kò sí owó bébà lọ́wọ́ ẹnì kan. Iná, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Mo ti sọ fún àbúrò mi l'Ágége pé kó má tíì san owó ilé. Kó wá sùn lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ méje, kó dìde ní aago kan òru, kó lọ kan ìlẹ̀kùn yẹn. Ó ní òun rò pé iná ni màá sọ pé kóun kọ́kọ́ bèèrè. Mo ní rárá o, kọ́kọ́rọ́ ni.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Odò-Ọ̀tìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.