Àtúnbí Kò Parí Síbi Ọwọ́ Nínà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn ní èdè abínibí wa, mo sì kí gbogbo àwọn tí ń bá yín ṣiṣẹ́. Ojú ìwé tí ẹ fi ń tẹ ẹ̀rí àwọn onígbàgbọ́ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Mo máa ń kà á láti òkè dé ilẹ̀, ohun tí mo sì máa ń bá níbẹ̀ ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ilé tuntun, físà, ìwòsàn, àti ọmọ tí Ọlọ́run fi ta àgàn lọ́rẹ. Mo ń bá àwọn tó rí nǹkan wọ̀nyí gbà yọ̀ tọkàntọkàn, nítorí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni gbogbo ẹ̀bùn rere ti ń wá. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti ka ẹ̀rí ẹni tó wí pé, "Olè ni mí tẹ́lẹ̀, Jésù gbà mí là, mo ti jáwọ́ nínú olè, mo sì ti dá ohun olóhun padà fún un." Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ gan-an ló sún mọ́ ohun tí Bíbélì ń pè ní ìyè tuntun jù lọ, òun ni mo sì fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tí Olúwa bá sọ̀rọ̀ àtúnbí nínú ìwé Jòhánù orí kẹta. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Nikodémù ni, Farisí, ìjòyè láàárín àwọn Júù, olùkọ́ tí gbogbo Ísírẹ́lì mọ̀. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ló gbé ni, ọmọlúàbí là bá máa pè é: ó mọ òfin, ó ń gbààwẹ̀, ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ láàárín ìlú. Síbẹ̀ òun ni Jésù wò lójú lóru ọjọ́ náà tó sì sọ fún pé àfi bí a bá tún ènìyàn bí, kò lè rí ìjọba Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yìí le fún ẹni tó ti ń gbé ìgbé ayé rere, ó sì yẹ kó le fún ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a bí sínú ìjọ, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní ọmọ ọwọ́, tí a mọ orin ìyìn sórí láìwo ìwé, ṣùgbọ́n tí a kò tíì fìgbà kan bi ara wa léèrè bóyá Ẹ̀mí Ọlọ́run ti sọ wá di ẹ̀dá tuntun ní tòótọ́. Ẹ̀kọ́ ilé dára, oyè nínú ìjọ kò sì burú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè fún òkú ọkàn ní ìyè nínú wọn. Nikodémù fúnra rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ yìí mì lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè bí àgbàlagbà yóò ṣe padà wọ inú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kan Olúwa mọ́ àgbélébùú, tí ẹ̀rù ti tú ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn ká, òun tó wá lóru nígbà àkọ́kọ́ ló gbé òjíá àti álóè jáde ní gbangba láti bá Jósẹ́fù ará Arimatíà sin òkú Rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára lórí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìtàn tiwa náà. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, lẹ́rú. Wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ọkọ̀ náà lórí omi ní 1822 tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Èèyàn lè rò pé ẹni tó bá bọ́ nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ kò tún nílò ìgbàlà mìíràn. Ṣùgbọ́n Samuel Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé nígbà tó tó bí ọdún kẹta tí òun ti bọ́ lóko ẹrú ènìyàn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé òun ṣì wà nínú oko ẹrú tó burú ju ìyẹn lọ, èyíinì ni ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ti Sàtánì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń wàásù pé òṣì àti àìríṣẹ́ṣe nìkan ni ìgbèkùn tí Jésù wá tú wa sílẹ̀ nínú rẹ̀ ronú sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ pé Àjàyí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìgbèkùn.

Nígbà tó di 1846, lẹ́yìn ọdún 25, Ọlọ́run tún jẹ́ kó fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó ti di àlùfáà nígbà náà, bó bá sì fẹ́, ì bá ti sáré ṣe ìrìbọmi fún ìyá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1848 ni ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn àkọ́kọ́ tó gbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta, tó sì gba orúkọ tuntun, Hánnà, bí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ló kọjá láàárín. Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ mọ̀ pé ọkàn tí ń kúrò nínú ayé kan bọ́ sínú òmíràn nílò àsìkò àti ẹ̀kọ́.

Lóde òní ńkọ́? Bí ìsọjí bá ti ń lọ sópin, oníwàásù á ní kí gbogbo wa tẹrí ba, kí a di ojú wa, kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù na ọwọ́ sókè, kó sì máa wí tẹ̀lé òun. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, àdúrà ti parí, ìjọ ti pàtẹ́wọ́, wọ́n ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sórí káàdì, ó sì di gbére. N kò kẹ́gàn ìpè sí pẹpẹ. Olè tó wà lórí àgbélébùú kò ráyè jókòó kẹ́kọ̀ọ́, onítúbú ìlú Fílípì sì ṣe ìrìbọmi lóru ọjọ́ tó gbàgbọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ tún Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 16 kà dáadáa. Ní wákàtí kan náà, onítúbú yìí, tó ti kan àbà mọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lẹ́sẹ̀ ní àṣáálẹ́, ló bu omi tó fi wẹ ọgbẹ́ ẹ̀yìn wọn, tó mú wọn wọ ilé rẹ̀, tó sì gbé oúnjẹ síwájú wọn. Ìyè tuntun rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ fi yí padà.

Sákéù ló tún mú ọ̀rọ̀ náà yé mi jù lọ. Olórí agbowó-òde ni, ó sì lówó. Lábẹ́ òfin Mósè, ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun rẹ́ ẹnìkejì jẹ yóò dá ohun náà padà, yóò sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un. Ẹni tó jí àgùntàn, tó pa á tàbí tó tà á, ni òfin ní kó san mẹ́rin dípò ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó gbé Sákéù lọ sílé ẹjọ́, kò sí ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn án lójú Jésù, bẹ́ẹ̀ ni Jésù kò dárúkọ owó fún un. Fúnra rẹ̀ ló dìde tó wí pé ìdajì ohun ìní òun di ti tálákà, àti pé ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó fi ìjìyà olè jẹ ara rẹ̀ níyà, ó sì fi ayọ̀ ṣe é! Ìgbà náà ni Olúwa sọ pé ìgbàlà wọ ilé náà lónìí.

Mo mọ ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà kan níhìn-ín ní Ìbàdàn. Kí ó tó di àtúnbí, kóńgò méjì ló wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Èyí tó fi ń ra ọjà pé. Èyí tó fi ń tà ni wọ́n ti lù ní ìdí títí ìdí náà fi wú sókè sínú, tó fi jẹ́ pé bó bá wọn ìrẹsì tó ṣu ú ṣóńṣó lórí, ojú oníbàárà á kún, ṣùgbọ́n ọjà kò pé. Lẹ́yìn tó gba Olúwa, ó ra kóńgò tuntun. Ì bá dákẹ́ síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé èyí tí òun ti ń fi wọn ọjà fún wọn kò pé, ó sì ń bu ìrẹsì kún ọjà fún àwọn tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan bú u, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà bínú jù wọ́n lọ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tú àṣírí gbogbo ìsọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá àgbàlagbà kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èènì, tó sì dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ má dúpẹ́, Mààmá. Kì í ṣe èènì, gbèsè tí mo jẹ yín ni."

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ òfin ni mò ń wàásù, pé oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe nípa iṣẹ́, bí ìwé Éfésù orí kejì ti wí. Mo gba ìyẹn gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Kò sí owó tí Sákéù lè san tí yóò ra ìdáríjì fún un. Jésù ti pè é sọ̀kalẹ̀ lórí igi síkámórè kí ó tó la ẹnu sọ̀rọ̀ owó rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ẹsẹ Bíbélì yẹn dúró sí àárín ọ̀nà. Nínú orí kejì kan náà, ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé fún iṣẹ́ rere ni a ṣe dá wa nínú Kristi Jésù, orí kẹrin sì wí fún ẹni tí ń jalè pé kó má jalè mọ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó lè rí nǹkan fún aláìní. Mo sì mọ̀ pé àwọn gbèsè kan wà tí kò ṣeé san. Pọ́ọ̀lù ló ṣọ́ aṣọ àwọn tó sọ Stéfánù lókùúta pa, kò sì sí bó ṣe lè jí Stéfánù dìde fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tó ní lọ́wọ́ ni ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù, ó sì ná gbogbo rẹ̀ sórí ìgbàgbọ́ tó ti fẹ́ pa run. Nítorí náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ohun tí kò lè tún ṣe mọ́ kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù, nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù kún ojú ìwọ̀n fún un. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó lè san án, tí kò san án: ẹni tó fa iná mànàmáná gba ẹ̀yìn mítà, ẹni tó ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn méjì, ẹni tó lé opó àbúrò rẹ̀ jáde nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́, tó sì ń darí àdúrà ní ilé náà láràárọ̀.

Àwọn àgbà wa rántí ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà lọ́dún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928, ń wàásù, tí àwọn ènìyàn sì ń gbé oògùn àti òrìṣà wọn jáde láti sun ún níná. Ìwòsàn pọ̀ níbẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Èmi rò pé iná náà ṣe kókó tó ìwòsàn. Àwọn tó ju ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé sínú iná mọ̀ dájú pé wọn kò ní ibi mìíràn tí wọn yóò padà sí. Mo fẹ́ kí àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa máa bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ léèrè, pẹ̀lú ìfẹ́, ní kíláàsì onígbàgbọ́ tuntun, pé kí ló wà nínú ilé rẹ tó yẹ kí o dá padà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí, Olóòtú. Ìwé ìròyìn èdè Yorùbá àkọ́kọ́, Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọwọ́ àwọn oníhìnrere ló ti jáde, nítorí náà ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kì í ṣe àjèjì nínú iṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ìlà díẹ̀ sọ́tọ̀ lójú ìwé ẹ̀rí fún àwọn tí ìgbàlà ti yí ìwà wọn padà, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n dá padà. Ẹ má tẹ orúkọ ẹni tí kò bá fẹ́ kí a mọ òun, ẹ má sì tẹ nọ́ńbà báǹkì ẹnikẹ́ni sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ rí gbà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ tẹ ẹyọ kan náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.